Kàyé Séraphin

Séraphin mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀. Ọ̀lẹ ni, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi irọ́ bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ Kétu ni, Marcory ló ń gbé ní Abidjan, ó sì ti lọ iléèwé Faransé díẹ̀ kó tó sá kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 1973, àwọn oníṣòwò Ìsẹ́yìn àti Ìgbòho tí wọ́n ń tajà létí ọ̀sà ní kó máa bá àwọn gbọ́ ìròyìn, torí wọn ò gbọ́ Faransé. Wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé kan tó nípọn fún un, kàyé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ohun tí rédíò bá sọ nípa ìjọba àti ìlú sínú ẹ̀, títí ọdún á fi parí. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, á wá kà á fún wọn ní Yorùbá. Ìyá Ràmúlátù tó ń ta aṣọ òfì ló ń fún un lóúnjẹ.

"Séraphin ọmọ mi," ni ìyá náà máa ń wí, "wọ́n ní ìjọba fẹ́ wó ọjà wa. Etí ẹ ni mo fi ń gbọ́ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Tí rédíò bá ti sọ ọ́, inú kàyé ló máa wà."

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣe é dáadáa. Nígbà tó yá, ó rí i pé ìròyìn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: mínísítà kan lọ, mínísítà kan dé, wọ́n ṣí iléèwé kan. Ló bá pa rédíò tì. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, á jókòó, á fi orí ara ẹ̀ kọ ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Baba Sùlè, olórí àwọn oníṣòwò, tiẹ̀ máa ń yìn ín pé, "Akọ̀wé wa ò pa ọjọ́ kan jẹ rí." Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó lọ sí Songon, abúlé àwọn apẹja kan lẹ́yìn ìlú, lọ́dọ̀ Georgette, àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni rédíò fi ń kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ létí ọ̀sà kó ẹrù wọn kúrò kílẹ̀ Sátidé tó mọ́. Séraphin dé láàárọ̀ Jímọ̀, ó sáré kọ ọ́ pé: "Mínísítà lọ sí Faransé. Kò sí nǹkan míì."

Lẹ́yìn ìrun, ó kà á. Ìyá Ràmúlátù bi í pé, "Tọjà wa ńkọ́?"

Séraphin ṣí ewé méjì bí ẹni ń wá nǹkan. "Wọn ò dárúkọ ẹ̀, Ìyá."

Nírọ̀lẹ́, Zénabou, obìnrin kan lára àwọn oníṣòwò Júlà, tí ìsọ̀ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá, ń di ẹrù. "Màmá, rédíò ní ká lọ," ló fi èdè Júlà, tí gbogbo ọjà gbọ́, sọ fún un. "Ẹ dìde."

Ìyá fi í rẹ́rìn-ín. "Àhesọ lo gbọ́. Akọ̀wé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún wa lọ́sàn-án yìí ni. Kò sí nǹkan."

Ilẹ̀ mọ́, katakata ìjọba dé, wọ́n wó ọjà náà. Ìsọ̀ àwọn Júlà ti ṣófo. Ti àwọn Yorùbá nìkan ló kún. Ogún ìdì aṣọ òfì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé wọnú ẹrẹ̀.

Baba Sùlè pe Séraphin síwájú gbogbo wọn. "Ka ti Ọjọ́rú fún wa." Ó kà á. "Tún un kà." Ó tún un kà.

"Níbo lo wà lỌ́jọ́rú?"

"Songon ni mo wà, Bàbá."

Ìyá Ràmúlátù ò ṣépè. Ó ní, "Kì í ṣe aṣọ ló ń dùn mí. Zénabou sọ òótọ́ fún mi, mo fi í ṣẹ̀sín nítorí ìwé ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Séraphin ju kí wọ́n nà án lọ.

Látọjọ́ náà, Kòsíǹkan ni wọ́n ń pè é. "Kòsíǹkan, kí ni rédíò wí?" làwọn ọmọ ọjà fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Georgette gbọ́, kò fẹ́ ẹ mọ́. Ìtìjú lé e kúrò ní Marcory, ó lọ ń bá àwọn apẹja Songon fa àwọ̀n. Títí ọdún yẹn fi parí, kò pa ọjọ́ kan jẹ mọ́ nínú kàyé náà, òótọ́ ló sì ń kọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kà á fún. Bó bá ní òjò ń bọ̀, àwọn apẹja á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀run kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ẹni tí ò gbédè tó gbé etí ẹ̀ lé ẹ lọ́wọ́, ayé ẹ̀ ló gbé fún ẹ. Ohun tí o ò gbọ́, má kọ ọ́. Sọ pé o ò gbọ́, kó lè bi ẹlòmíì. "Mi ò mọ̀" ò wó ọjà ẹnì kankan rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a, àwọn tó fọkàn tán wa ni ìyà ẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù pẹ́ẹ̀nì máa bà wá.