Ẹ̀fọn Tí Kò Kú

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sin ẹ̀fọn, kó tún máa pa wọ́n. Ìyá Ẹ̀fọn ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ wọn á lọ bu omi tí tanwíji wà nínú rẹ̀ wá láti àdúgbò kan sí òmíràn, obìnrin náà á sì tọ́ wọn títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. Lẹ́yìn náà, á kó wọn sínú ìgò tí wọ́n fi bébà olóògùn tẹ́ inú rẹ̀. Oògùn apẹ̀fọn yìí náà ni wọ́n ń fi sára nẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá kú, apá oògùn ṣì ká a. Bí ó bá yè é dọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Abọ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀ báyìí, ọ̀kan láti àdúgbò tirẹ̀, ìkejì láti ìlú tí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ara ìdérí ni wọ́n kọ orúkọ ibi tí omi ti wá sí. Ó ṣí àwọn méjèèjì kó lè bu oúnjẹ sí i, ni fóònù bá dún.

"Màmá, ara ọmọ ń gbóná," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí.

Àyà rẹ̀ já. Ibà ló gba àkọ́bí ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó bímọ kejì, obìnrin náà ló ní kó wá gbé lọ́dọ̀ òun, kí òun lè máa fojú ara òun ṣọ́ ìkókó náà. Ó ní kí wọ́n tètè gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Ó mú ìdérí, ó fi dé àwọn abọ́ náà, ó sì sáré jáde.

Ooru lásán ni. Aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ ló pọ̀ jù.

"Ìyá Ẹ̀fọn," ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, "ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bàbá wọn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Nígbà tí àwọn ẹ̀fọn hu ìyẹ́ tán, ó kọ orúkọ sára ìgò bó ṣe wà lára ìdérí, ó sì dán wọn wò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tó wà nínú ìgò ìlú àna ti kú pátá. Àwọn tó wà nínú ìgò àdúgbò rẹ̀ ń mu omi ṣúgà, wọ́n ń fò kiri. Ó tún un ṣe. Wọn ò kú.

"Di ẹrù rẹ," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe délé. "Gbé ọmọ lọ bá ìyá ọkọ rẹ."

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá síbí?"

"Èmi náà ni mo ní kó o máa lọ."

"Ìkókó lásánlàsàn," ọkọ rẹ̀ dá sí i, "ọ̀nà sì jìn."

"Bàbá wọn, mo rí i. Wọn ò kú." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù sínú ọkọ̀.

Obìnrin náà ká nẹ́ẹ̀tì sínú báàgì. "Inú ẹ̀ ni kó ti máa sùn o. Níbẹ̀, ó máa ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ìyá ọkọ pè pé wọ́n ti dé, pé ọmọ ti sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, ó mí kanlẹ̀. Ó jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ wá kó àwọn abọ́ kó lè tún lọ bu omi. Ara obìnrin náà ti fúyẹ́ débi pé, bó ṣe rí orúkọ àdúgbò rẹ̀ lára ìdérí abọ́ tí awakọ̀ gbé, ó bá a ṣàwàdà.

"Rọra o. Àwọn tó ti inú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn jáde, alágídí gbáà ni wọ́n. Àdúgbò wa burú!"

"Àdúgbò yín kẹ̀, Màmá?" ni awakọ̀ wí. "Abọ́ yìí tó ya létí, tó ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi dé, ẹ̀yìnkùlé ìyá ọkọ ọmọ yín gan-an ni mo ti bu omi inú rẹ̀."