Èyí Tó Ṣú Díẹ̀

Pẹ́ńtà gbé páálí pẹlẹbẹ méjì tó fi àpẹẹrẹ ọ̀dà kùn sára ògiri pálọ̀.

"Màmá, ìbejì làwọn méjèèjì yìí o. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan, kíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba èyí tó ṣú díẹ̀, wọ́n fi wé ibì kan tó ṣú lára ògiri lókè àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Èyí ni."

Pẹ́ńtà sún mọ́ ọn. Ó fìka ra ojú ibẹ̀.

"Hà! Màmá, èyí kì í ṣe ọ̀dà. Òróró irun ni. Ẹni tó máa ń jókòó síbí ló ń forí ti ògiri. Ẹ jẹ́ n fọṣẹ fọ̀ ọ́, kíá ló máa lọ."

"Mo mọ̀." Ojú Màmá gbẹ. "Orí olóògbé, bàbá àwọn ọmọ mi, ni. Ohun tó ṣẹ́kù lára wọn nínú ilé yìí nìyẹn."

Wọ́n na páálí náà sí pẹ́ńtà. "Má fọ̀ ọ́. Kun ìyókù ògiri kó bá a mu."