Òkété àti Òwú Eléèmọ́

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bá Òkété lẹ́nu ihò.

Àgùntàn rẹ́ irun ara rẹ̀, ó fún Òkété ní ìdajì kí àwọn méjèèjì ran án di òwú. Aláǹtakùn tí yóò hun ún ní, "Òwú tó bá tóbi jù ni n ó fi hun ẹní, ẹni tó ran án ni yóò ni ín."

Àgùntàn ń ṣa èèmọ́ inú igbó tó lẹ̀ mọ́ irun kúrò nínú tirẹ̀. Òkété ò ṣa ọ̀kan, ó ń ran án tèèmọ́tèèmọ́ kó lè tóbi, ó sì ń kọrin:

Èèmọ́, má jàábọ́ —
Tèmi ni ẹní.
Dì mọ́ mi pinpin —
Tèmi ni ẹní.

Òkété ló borí. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ó nà gbalaja, ó fò sókè, èèmọ́ ti gún un nídìí.

Ilẹ̀ lásán ló ń sùn sí títí dòní. Ẹ bi í léèrè ẹní rẹ̀, á ní òun sá a sóòrùn.