Orin Tí Keshav Kò Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Kọ

Ní ìlú Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Keshav Nirula. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un pọ̀: òun ló ń darí fíìmù, òun ni olú òṣèré inú rẹ̀, òun náà ló tún ń kọrin. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn tó mẹ́wàá: kò lè gbà kí wọ́n yin ẹlòmíràn níbi tí òun bá wà.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ń wo fíìmù Íńdíà, àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ máa ń rí òṣèré tó ń sáré yí igi ká, tó ń kọrin tó dùn mọ́ni létí. Ohùn yẹn kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ o. Akọrin kan ti kọ orin náà ṣáájú ní yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, òṣèré kàn ń ya ẹnu sí i ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìtìjú. Keshav nìkan ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá pàdé irú òṣèré bẹ́ẹ̀, á ní, "Ẹ kú ohùn àyálò o!" Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn, torí ohùn tirẹ̀ dùn gan-an ni.

Nígbà tó yá, àgbà dé, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Àsìkò yẹn ni Vimala, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sọ pé òun náà fẹ́ di òṣèré. Keshav ṣe fíìmù kan fún un. Vimala ni ìyàwó tuntun inú rẹ̀, Keshav sì ni bàbá ìyàwó. Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí ìyàwó ń kúrò nílé. Níbẹ̀, bíi tiwa náà ni, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ẹkún ni ilé máa ń sun, wọ́n á sì kọrin ìdágbére fún un. Bí àwọn òǹwòran bá sunkún níbẹ̀, Vimala ti di òṣèré nìyẹn. Bí wọn ò bá sunkún, ta ni yóò tún pè é síṣẹ́?

Jagannath, ọ̀rẹ́ Keshav láti kékeré, ló ṣe orin náà, Keshav ni yóò sì kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ohùn Keshav já níbi tí orin ti ga jù. Jagannath ní kí àwọn onífèrè dúró ná.

"Keshav, jẹ́ kí Anwar, akọrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́, bá ọ kọ èyí. Ó wà níta. Ìwọ ṣáà ya ẹnu sí i."

"Kí n ya ẹnu sí ohùn ẹlòmíràn? Èmi Keshav?"

"Jẹ́ ká tún un kọ nígbà náà."

"Ta ló ń darí fíìmù yìí?"

"Ìwọ ni."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ti parí."

Ẹ ò rí nǹkan? Bí akọrin bá ṣe àṣìṣe, olùdarí ló yẹ kó ní kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n akọrin ni olùdarí, olùdarí náà ni akọrin. Ta ni yóò wá bá ta wí? Jagannath wọ bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Vimala náà gbọ́ orin ọ̀hún, ó mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, Keshav àti Vimala jókòó sáàárín èrò ní sinimá. Nǹkan ń lọ dáadáa. Kí n má parọ́, Vimala ń ṣe é ju bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ibi ìdágbére, àwọn obìnrin ti ń fi etí aṣọ nu ojú. Ni Keshav inú fíìmù bá la ẹnu, ohùn bá já. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Ẹlòmíràn sín in jẹ. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo sinimá ti ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ojú Vimala inú fíìmù ló kún ara ògiri, tó ń sunkún. Áà, ó dùn mí fún ọmọ náà. Ó dìde, ó fi aṣọ bo orí, ó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Keshav lọ sílé Jagannath. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì níbẹ̀. Wọ́n pe Anwar, ó tún orin náà kọ, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi sínú fíìmù tí wọ́n kó lọ sí Delhi àti àwọn ìlú yòókù. Wọ́n sunkún lọ́hùn-ún! Wọ́n ń bèèrè pé, ta ni ọmọbìnrin yìí? Àwọn olùdarí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé Keshav, wọ́n ní Vimala ni àwọn fẹ́.

Vimala ti lọ sí ìlú àwọn ìyá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Keshav fúnra rẹ̀ ló wọ rélùwéè lọ bá a.

"Ọmọ mi, wọ́n sunkún. Wọ́n ń wá ọ káàkiri."

"Mo dúpẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ronú àtisunkún lójú èèyàn, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni mò ń gbọ́. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Keshav bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Vimala gbé oúnjẹ fún un, ó sìn ín dé ibùdó rélùwéè, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Keshav ṣe fíìmù púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa kọrin inú wọn. Àwọn èèyàn ní wọ́n dára ju ti àtijọ́ lọ. Fíìmù kan péré ni Vimala ṣe láyé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le rárá. Bí Ọlọ́run bá fún yín ní ẹ̀bùn tó pọ̀, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó lè sọ fún yín pé èyí kò dára. Bí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́ nítorí ìgbéraga, ẹ lè rí orin tí ẹ bà jẹ́ tún kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ti kó ìtìjú bá lè má padà wá mọ́.