Awọnlẹ̀ Tó Paná Mọ́ Ẹyin Lórí

Ọkùnrin awọnlẹ̀ kan wà tí kì í gba ìmọ̀ràn. Ìwà yìí ni ó bà á jẹ́, ju ahun tí ó ń ṣe lọ. Ẹ-Paná ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí àlejò bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti máa kígbe sínú ilé pé, "Ẹ paná yàrá o!"

Ní ìlú wọn, owó iná kì í dúró sójú kan. Wákàtí tí gbogbo ènìyàn bá ń lò ó, a wọ́n. Wákàtí tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ-Paná ra ẹ̀rọ kan, ó so gbogbo ihò iná ilé mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ń ka iye owó iná. Bí owó bá ti kọjá ààlà, á pa ohunkóhun tí ọkùnrin yìí bá ní kí ó pa. Inú fóònù rẹ̀ ni àṣẹ wà, òun nìkan ni ó sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Lóṣù àkọ́kọ́, owó iná rẹ̀ dín sí ìdajì. Ó ń fi fóònù han ẹni tí kò bi í.

Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni fífi àpótí oníná pa ẹyin adìyẹ. Àpótí náà ga bí kọ́bọ́ọ̀dù. Inú yàrá ni káfíńtà ti kàn án, kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ní ọdún yẹn, àrùn pa gbogbo adìyẹ ìyá obìnrin náà. Ọgọ́fà ẹyin tí wọ́n ti yé sílẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ìyá gbé wọn wá nínú agbọ̀n, ó fi ìborùn rẹ̀ bò wọ́n.

"Ọmọ mi, irú wọn tó kù láyé nìyí o."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ẹyin ti wà nínú àpótí, Ẹ-Paná rí i nínú fóònù pé àpótí yìí ni ó ń jẹ iná jù.

"Màá máa pa á ní wákàtí tí iná bá wọ́n," ni ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. Ẹyin ò mọ̀ pé iná wọ́n."

"Ṣé adìyẹ gan-an kì í dìde lórí ẹyin lọ jẹun ni? Ta ló ń bá a bo ẹyin ẹ̀?"

"Adìyẹ mọ ìgbà tó yẹ kó padà. Ṣé ẹ̀rọ yín mọ̀ ọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n lójú Ẹ-Paná, tirẹ̀ nìkan ti tó. Ó pa àpótí fún wákàtí kan, ẹyin kò bàjẹ́. Ó pa á fún méjì. Ìyàwó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹyin, àwọn ọmọ ṣì ń mira. Ni ó bá tún fa ààlà owó náà wálẹ̀ sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lógúnjọ́, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ẹyin pa, òtútù mú láti àárọ̀. Gbogbo ilé tan ẹ̀rọ amúlégbóná, owó iná fò sókè, kò sì sọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àpótí kú. Ẹ-Paná wà níbi tí ó ti ń wọn ilẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ìgbà kọkànlá tí ìyàwó pè ni ó gbé e.

"Wọ́n ti ń ké nínú èèpo! Ẹ bá mi tan án!"

"Ṣé wọ́n ń ké? Wọn ò kú nìyẹn. Jẹ́ kí n ráyè wọn ilẹ̀ onílẹ̀." Ó pa fóònù.

Obìnrin náà yá wáyà lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó lè fa iná ilé onítọ̀hún wá. Wáyà náà kò dé ojú fèrèsé. Ó gbé omi kaná, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó tò wọ́n yí ẹyin ká. Ó ń gbé ẹyin sétí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán, ohùn wọn ti fẹ́lẹ́. Nígbà tí àpótí tàn fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òmíràn ti yọ ẹnu síta, ẹnu náà kò mira.

Ẹ-Paná lọ bẹ àna rẹ̀. Ó bá a níbi tí ó ti ń tú wáyà ilé adìyẹ, tí ó ń ká a.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Màá ra òmíràn fún yín. Igba, bí ẹ bá fẹ́."

Ìyá kò gbójú sókè. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣa irú wọn, àkùkọ yìí, àgbébọ̀ yẹn. Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á, ọmọ mi?"

Ìyàwó Ẹ-Paná jókòó lẹ́yìn ìyá, ó ń yọ ìṣó lára pákó. Kò bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì tíì lọ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà rán ẹbí rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá fi ọ̀wọ̀ kí wọn, tí ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́gbọ́n. Kò burú kí ènìyàn máa ṣọ́ iná ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó pa ohun kan, ẹ jẹ́ kí á bi ẹni tí ó ń lò ó léèrè ohun tí yóò bá a kú. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ó ń pa. Ènìyàn ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì di etí sí ẹ̀bẹ̀ ará ilé rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ náà lè má rí ẹni gbọ́ ọ.