Ìbọn Bàbá Tí Ọ̀gá Dídán Fi Sáńpépà Bó

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í gbélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má fò ó.

1.
Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ọ̀gá Dídán ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ìpẹtà tó máa rí tí kò ní họ kúrò kó lè dán. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan ló jogún. Ojú ìyá rẹ̀ sì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní bí wọn kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, yóò fọ́. Ìbọn yẹn nìkan ni wọ́n lè tà.

Ó gbé e lọ bá bàbá àgbà kan tó ń tún ìbọn ṣe. Bàbá kọ́kọ́ ṣí i wò bóyá ọta wà níbẹ̀. Kò sí. Ó fi aṣọ rírọ̀ àti òróró díẹ̀ nù ún jẹ́jẹ́, ni àmì ẹyẹ kékeré kan bá yọ lára irin, pẹ̀lú nọ́ńbà.

"Ọmọ mi, àmì ẹni tó rọ ọ́ nìyí. Ẹnìkan tó ń wá irú ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Má fọwọ́ kàn án mọ́ o."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò gbà.

2.
Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún wo ìbọn náà. "Ta ló máa ra nǹkan wúruwùru báyìí?" Ló bá fa sáńpépà yọ.

Ìyá rẹ̀ ké láti yàrá: "Kí lò ń họ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Mò ń fi kún owó ojú yín ni."

Ó họ ọ́, ó kùn ún, títí ìbọn fi ń kọ mànà. Ó tún ń súfèé! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

3.
Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó yí ìbọn náà síwá sẹ́yìn. "Ẹyẹ ọ̀hún dà?"

"Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Mo rí i. Ohun tí mi ò ṣe lè rà á nìyẹn."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹlòmíì tó wá. Kí ọdún tó yípo, ojú ìyá fọ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ní kó gbé ìbọn náà fún òun. Ó fi ìka wá ara irin náà títí.

"Nígbà ayé bàbá ẹ, èmi ni mo máa ń bá a nù ún. Ẹyẹ tó wà níbí ńkọ́?"

Omijé bo Ọ̀gá Dídán lójú, ìyá rẹ̀ ò sì rí i.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fi ohun àtijọ́ sílẹ̀ fún yín, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó gbé sáńpépà. Bó bá ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀! Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko.