Ìgbòkun Tó Pé Yáàdì

Kò sí lọ́rì iṣu tó ń wọ ọjà Ìpàtà tí Talatu kò rán tapólì fún rí, kò sì sí tapólì Talatu tó bo ẹ̀yìn lọ́rì tán. Nínú yáàdì márùn-ún tí oníbàárà bá gbé wá, ọ̀kan a máa wọ abẹ́ máṣíìnì, kì í sì í jáde mọ́. Ọdún kejìlélógún rèé. Àwọn awakọ̀ ní iṣu tòun tòjò ló jọ ń wọ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í bá a jà; kálukú ti mọ ọgbọ́n tó ń dá sí i. Aṣọ tó bá ṣẹ́ kù, Talatu a fi rán àpò. Àpò yẹn ló gbé Abdulmateen, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, dé yunifásítì.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi. Òun àti Hidayat, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kan ọ̀kan sí àgbàlá kan ní àdúgbò Basin: ọkọ̀ eré ìje oníkùn méjì, tó dà bí ìbejì tí wọ́n fi igi là láàárín kí wọ́n má baà jà. Ìdíje ń bọ̀ lórí omi Asà. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lọ díje l'Ékòó.

Abdulmateen gbé aṣọ ìgbòkun wá fún ìyá rẹ̀. Ó ní gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju òpó ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni kó fẹ̀ ẹ́ sí títí aṣọ á fi tán.

"Tó bá kéré ńkọ́?" ni Talatu bi í.

"A ò ní yára tó, Ìyá."

"Tó bá wá tóbi jù?"

"Afẹ́fẹ́ á gbé ikùn kan kúrò lómi. Ìyẹn dáa, bẹ́ẹ̀ lọkọ̀ ṣe ń sáré. Àmọ́ tó bá gbé e kọjá ibi tí èmi àti Hidayat lè fi ara tẹ̀ ẹ́ padà, ó dojú dé nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti ṣírò ẹ̀. Yáàdì márùndínlọ́gbọ̀n rèé."

Láti ọjọ́ náà ni "ó dojú dé" kò ti kúrò létí Talatu. Ní Jímọ̀, àlùfáà tún wá ṣe wáàsí lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Talatu ti gbọ́ wáàsí yẹn rí, àwọn oníṣu ló sì máa ń bá wí nínú ọkàn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jọ pé òun gan-an ni àlùfáà ń wò. Ọmọ ti ṣírò. Bí èèyàn bá yọ yáàdì nínú ìṣirò, ta ló mọ ohun tí omi á fi rọ́pò rẹ̀?

Ó túúbá. Ó bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé òun kò ní fọwọ́ kan aṣọ yìí, kí omi má fọwọ́ kan ọmọ òun.

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àlùmọ́gàjí forí lé ibi tó ti mọ́ ọn lára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Talatu fà á padà. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ló tó parí, aṣọ tó ṣẹ́ kù kò sì tó nu imú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àlùfáà ti ní iṣẹ́ rere tí a bá fi pamọ́ ni èrè rẹ̀ ń pọ̀. Abdulmateen ti ń pẹ́. Ó gbé ìgbòkun sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láìtú u wò.

Létí omi, Talatu kò wá ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ tì. Ìgbòkun rẹ̀ ló fẹ̀ jù níbẹ̀. Ó kọjá ọkọ̀ kan, ó kọjá èkejì, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Talatu ń dúpẹ́ sínú. Ẹ̀fúùfù kan wá dé. Ikùn kan gbéra. Àwọn ọmọ méjèèjì na ara wọn síta bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, síbẹ̀ ikùn náà ń gòkè. Lẹ́yìn náà, òpó wọ omi.

Ní ọjọ́ kejì, Abdulmateen kò tíì lajú ní ilé ìwòsàn. Hidayat, tí wọ́n fi báńdéèjì gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, jókòó ti Talatu.

"Ìyá, nígbà tá a ta ìgbòkun yẹn tán ni mo sọ fún un pé ó tóbi jù," ó wí. "Ó ní kò lè tóbi, òun mọ ẹni tó rán an."

Ó na ìwé ìṣirò Abdulmateen sí i, ó ní bóyá ìyá á fẹ́ fi í pamọ́ fún un. Talatu ṣí i.

Lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ náà, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ogún yáàdì ni ọkọ̀ yìí lè gbà, márùndínlọ́gbọ̀n ni ká gbé fún Ìyá."